Ẹgbẹ̀ta Óòmù

Ìbotí ńlá kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi,
dúdú, awọ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà,
okùn rẹ̀ ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.
Ó lé lógún ọdún tó fi gbé e sórí
ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Kàdúná,
kí etí òsì rẹ̀ tó kọṣẹ́.

Ẹnu okùn náà tóbi ju ihò fóònù mi lọ.
Mo ra ìdè kékeré kan ní Kubwa, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà,
mo kì í bọ̀ ọ́, mo jókòó sétí ibùsùn nínú òkùnkùn,
mo tẹ ohùn rẹ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lọ́dún Àjíǹde tó kẹ́yìn,
ìṣẹ́jú mẹ́ta, níbi tó ti ń ṣàlàyé
bí wọ́n ṣe ń fi abẹ gé téèpù láyé ọjọ́un.

Ohùn jáde tín-ín-rín,
bí àwọn aládùúgbò tó ń jà lẹ́yìn ògiri:
mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, n kò mọ ọ̀rọ̀ wo.
Mo gbé e dé góńgó. Fóònù kìlọ̀ fún mi
pé etí mi lè bàjẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan.

Jàtáù, ọmọ Gbagyi tó ń tún fóònù ṣe lọ́nà Bwari
lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ìyeyè,
nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀,
ó ka nọ́ńbà tí mo ti rò pé iye owó ni.
“Ẹgbẹ̀ta óòmù! Fóònù rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọdé ni.”
Ìlọrin ló ti kọ́ Yorùbá, àmì ohùn rẹ̀ ń ta bí tata.
Ó nawọ́ sí títì:
ìyá kan ń ti oko bọ̀, igi ìdáná lórí èjìká,
bí àwọn ìyá tirẹ̀ náà ti ń ṣe, tí wọn kì í fi orí rù.
“Èjìká yẹn àti igi yẹn mọra wọn.
Gbé igi kan náà lé ọmọ ọdún mẹ́fà,
yóò kàn dúró, yóò máa wò ọ́.”

Èmi tí wọ́n bí sílé tí orí ti ń ru ohun gbogbo,
mo dákẹ́.

Ó ní iná tó ń ti ẹnu fóònù jáde, kò tó nǹkan.
Méjìlélọ́gbọ̀n óòmù, ó tó o, á tún ṣẹ́ kù.
Ẹgbẹ̀ta, iná á kan ilẹ̀kùn, kò ní lè ṣí i.
Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ rò pé ẹrù fífúyẹ́ ló dára ṣáá:
àwọn olóòmù mẹ́jọ ń mu iná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu,
ẹ̀rọ á sì máa dún ṣììì lábẹ́ ọ̀rọ̀
bí òróró tó ń dúró de kósé.
“Óòmù ti ẹnu fóònù, kó má ju ìdámẹ́jọ ti ìbotí lọ.”
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì gáàsì.

Ó wá fa àpótí kan yọ, kò ju páálí ìṣáná lọ.
“Alábàárù nìyí.”
Ó fi í sáàárín àwọn méjèèjì.

Bàbá mi mí.
Kó tó sọ ohunkóhun, ó mí, ó gbé itọ́ mì,
àga ké lábẹ́ rẹ̀.
“Má gé e ní tààrà. Dá abẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀.
Bí o bá gé e ní tààrà, etí á mọ ojú ọgbẹ́.”

Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ ni Jàtáù pè é.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún péré ló wà lápò mi,
mo fi ra ìbotí wẹ́wẹ́, olóòmù méjìlélọ́gbọ̀n.
Ohùn bàbá mi ròkè dáadáa nínú rẹ̀, àní nínú kẹ̀kẹ́.
Èémí ni n kò gbọ́.

Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, mo ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Kò bi mí rí pé kí ni mò ń gbọ́.
Ó ń jó lẹ́ẹ̀dì, èéfín rẹ̀ ń lọ sápá Bwari.